Ẹyẹ Òfú Inú Agolo Bisikíìtì

Ìṣó gígùn ni bàbá mi fi kan fèrèsé yàrá wa pa ní Okokomaiko. Kì í ṣe nítorí olè, torí kí ni olè fẹ́ jí lọ́dọ̀ wa? Ẹyẹ kan ni kò fẹ́ kí atẹ́gùn kàn. Ẹyẹ inú ìwé ni, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, inú agolo bisikíìtì ló sì ń gbé.

Kí bàbá mi tó fẹ̀yìn tì, akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Àpápá. Lẹ́tà ń wọlé fún wọn láti ibi gbogbo láyé, bí ọ̀gá bá sì ti ka tirẹ̀ tán, bàbá mi á tọrọ àpò lẹ́tà náà. Á gé ibi tí sítáǹpù wà, á rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi ṣí kúrò lára ìwé, á wá sá a sórí ìwé ìròyìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ mu ọtí bí wọ́n bá ṣíwọ́, òun ń sá sítáǹpù. Ibẹ̀ ló wà tí atukọ̀ kan tó fẹ́ràn rẹ̀ fi fún un ní odidi ìwé sítáǹpù kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí, tí wọn ò tíì ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Erékùṣù kékeré kan lókè òkun ló ti wá. Àwòrán ẹyẹ òfú, ẹyẹ omi tí àpò ń rọ̀ lábẹ́ ẹnu rẹ̀ yẹn, ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì kọ orúkọ ẹyẹ náà sí ìsàlẹ̀ lédè Òyìnbó. Ẹni tó to orúkọ náà ti ṣì í kọ, ó gbé lẹ́tà méjì inú rẹ̀ sí ipò ara wọn. Wọ́n ti ta díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni tó tó o, ni wọ́n bá kó ìyókù jọ, wọ́n dáná sun ún. Ohun tí atukọ̀ náà sọ nìyẹn.

Bàbá mi ló ṣàlàyé fún wa pé àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé àṣìṣe ni wọ́n ń fi owó wá kiri. Sítáǹpù tí wọ́n kọ dáadáa pọ̀ lọ jàra. Èyí tí wọ́n kọ sódì, tó sì tún bọ́ lọ́wọ́ iná, òun ni wọ́n ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Bàbá mi yìí kan náà ló fi pankẹ́rẹ́ nà mí ní kékeré nítorí pé mo kọ orúkọ oṣù kan sódì nínú ìwé mi. Èmi náà ni mo wá ń gbé inú ilé tí wọ́n ti ń ṣìkẹ́ àṣìṣe ẹlòmíràn bí ọmọ tuntun.

Ọ̀tá sítáǹpù tí wọn ò tíì lò ni ọ̀rinrin. Gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀; bí omi tàbí ooru bá kàn án, á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Bí ó bá ti lẹ̀ báyìí, tàbí tí àbàwọ́n kan bá ta sí i, ó ti bàjẹ́ lójú àwọn tó ń rà á. Ẹni tó bá sì mọ àdúgbò wa láàárín ọdún 1980 sí 1990 mọ̀ pé ọ̀rinrin ni tiwa. Àbàtà wà lẹ́yìn ilé. Iyọ̀ ń sunkún nínú agolo, bàtà tí èèyàn kò bá wọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ á bu. Nítorí náà ni bàbá mi ṣe kan fèrèsé tó kọjú sí àbàtà pa, tó sì ṣòfin lé e lórí. Fáànù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, ó lè gbé ìwé náà nílẹ̀. Ìyá mi kò gbọdọ̀ gbé sítóòfù wọ inú yàrá nítorí ooru ọbẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ á dúró síta, bí òjò ń rọ̀ bí òòrùn ń ràn, títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. A di ìrẹsì tí a kò sè sínú aṣọ, a kó o sínú agolo kí ó máa fa omi mu, ìrẹsì gidi tí à bá sè jẹ.

Àwọn ará àdúgbò ń pè wá ní ará inú àpótí. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú ilé, bàbá mi sì ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ sọ. Àwọn kan ní wèrè ni a dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ń gbọ́ ọ, ẹ̀rín máa ń pa mí, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí mo ń wo ara mi, mo sì rí i pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́.

Ojú bàbá mi ló kó mi sí i. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, títí tí kò fi rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji èèyàn lọ, kò sì jáde síta mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba ọ̀nà tiwọn lọ. Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà ní Àjàǹgbàdì, ó sì máa ń sọ pé ọwọ́ òun kò mọ́ kúrò nínú òróró rí, kí wọ́n má fi nǹkan ẹlẹgẹ́ lọ òun. Ó ku èmi, àbíkẹ́yìn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá. Láràárọ̀, kí n tó bu omi sójú, mà á nu ọwọ́ mi gbẹ, mà á ṣí agolo, mà á fi ẹ̀mú kékeré gbé ìwé náà sókè, mà á yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mà á yí i padà. Bàbá mi á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á dojú kọ ibi tó ti ń gbọ́ ìró ọwọ́ mi.

“Ṣé wọ́n gbẹ?”

“Wọ́n gbẹ, sà.”

Báyìí ni ọjọ́ wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, mà á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òjò bá dá, mà á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ní àkókò òjò, mi ò lè kúrò nílé rárá, torí tí ọ̀rinrin bá gbá agolo mú lójijì, ta ni yóò rí i? Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ilé kejì ń ṣeré nínú àgbàrá. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń kọjá lọ sí Igbó-Elérin, wọ́n á pè mí lójú ọ̀nà, mà á dá wọn lóhùn láti inú òkùnkùn yàrá pé mi ò ráyè. Nígbà tó yá, wọn ò pè mí mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni ti Ìbá, àdúgbò tó wà nítòsí wa. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ní ọsibítù aládàáni, tó máa ń gba àwọn ọmọbìnrin láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lábẹ́ rẹ̀. Mo ti lọ, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n ti yẹ ọwọ́ mi wò, àgbà nọ́ọ̀sì wọn sì sọ pé ọwọ́ mi balẹ̀, kí n máa bọ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi wálé. Bàbá mi gbọ́ tán, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí ẹyẹ fò ná. Bí ó ṣe máa ń pe títa ìwé náà nìyẹn. Bí ẹyẹ bá fò, èmi á lọ kọ́ṣẹ́. Bí ẹyẹ bá fò, wọ́n á ṣe ojú rẹ̀ fún un. Bí ẹyẹ bá fò, ìyá mi á gba ṣọ́ọ̀bù gidi, kò ní jókòó sínú òòrùn mọ́. Gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe láyé ló ń dúró de ẹyẹ tí kò ní ìyẹ́ kankan.

Ẹyẹ náà sì fẹ́ fò nígbà kan. Ọkùnrin kan ń gbé ní ẹ̀bá Navy Town, Ẹ̀gbá ni, Mùsùlùmí, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká, ó sì ń kó sítáǹpù jọ. Bàbá mi bá a pàdé ní pósítọ́fíìsì nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Ó wá sílé wa, ó wo ìwé náà, mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ní òun á san owó tó jọjú. Mo ti ń fi ọkàn di ẹrù mi. Bàbá mi ní ó kéré. Ọkùnrin náà rọ̀ ọ́, ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ó kéré, pé ẹni tó mọ iye rẹ̀ yóò wá. Àlejò dìde, ó kí wa, ó lọ. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra agolo yẹn. Mo ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ gbé e, mo sì ń ṣépè fún un nínú.

Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀rùn wọlé, ó jáde, òjò tún dé. Àwọn tí a jọ lọ fún ti Ìbá ti ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Èmi ń yí ẹyẹ padà.

Ìgbà tí mo ti ń rò pé ibẹ̀ ni mà á gbó sí ni ọkùnrin Navy Town ránṣẹ́. Ó ní òun ń padà sí Abẹ́òkúta pátápátá, òun sì fẹ́ rí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá tíì bàjẹ́, òun á rà á. Ó máa wá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bàbá mi ní kí ó máa bọ̀, òun ò ní dúnàá dúrà mọ́, ó ti rẹ òun. Mo ti ń retí gbólóhùn yẹn tipẹ́. Mo sáré lọ sí Ìbá. Àgbà nọ́ọ̀sì yẹn ṣì dá mi mọ̀. Ó ní wọ́n ń kó àwọn tuntun wọlé lọ́wọ́, kí n má jẹ́ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo yẹ ìwé náà wò, ó gbẹ, ó mọ́, ó rí bí ọjọ́ tó wá. Mo gbé korobá, mo lọ pọnmi; èrò pọ̀ nídìí kànga, ó pẹ́ kí ó tó kàn mí. Ìgbà tí mo dé, ìdérí agolo wà nílẹ̀, àpò ìrẹsì wà lórí tábìlì, agolo ṣófo. Bàbá mi ń sùn. Mi ò lè pariwo, mi ò lè jókòó. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn àga, mo dúró láàárín yàrá gbígbóná yẹn, òógùn ń bọ́ lójú mi. Kò sí ibi tí ojú mi lè gbà wo ìta.

Kí n tó ronú kan ohun tí mà á ṣe, ìyá mi wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ lọ́rùn, òórùn lọ́fínńdà ló ṣáájú rẹ̀. Ó mú ìwé náà dání, ó ti fi áńkáṣíìfù funfun wé e. Mo mọ ibi tó ti ń bọ̀ kí ó tó sọ. Ní ìjọ wọn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò á gbé bíírò rẹ̀ lọ sórí pẹpẹ. Ẹni tó ń wá ìwé ìrìnnà á gbé páásìpọ́ọ̀tù. Awakọ̀ á kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wá. Wòlíì á wọ́n omi àdúrà sí i, á fi òróró kan igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́fínńdà á tẹ̀lé e. Ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá tèmi náà ti lọ síbẹ̀ rí, inú ọ̀rá ló wà, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ìyá mi kò ní fọwọ́ ẹja kan ìwé yẹn, ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kí ó tó gbé e. Ọjọ́ tí ọ̀nà fẹ́ là fún wa, ó rí i pé kò bójú mu kí a gbé nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àlejò láìgbàdúrà sí i.

“Wòlíì ní ilẹ̀kùn ti ṣí,” ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí bàbá mi má baà jí. “Ó ní o ń lọ sí Ìbá.”

Mo tú áńkáṣíìfù náà. Ó ti ká ìwé náà sí méjì kí ó lè wọ inú rẹ̀. Omi ti yọ́ gọ́ọ̀mù, apá kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì gbọin. Òróró ti wọ̀ ọ́ láti igun dé igun, ẹyẹ tó wà lábẹ́ ń hàn lára èyí tó wà lókè. Mo ní, “Màmá, ẹ ti bà á jẹ́.” Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní òróró àdúrà kì í ba nǹkan jẹ́, kí n má fẹnu mi da iṣẹ́ rú. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sínú agolo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó ṣe ń dé e ni bàbá mi jí.

“Ṣé wọ́n gbẹ?”

Ìyá mi ló dáhùn pé ó ti dára, kí ó dìde wọ aṣọ.

Àlejò dé lọ́sàn-án. Ó jókòó, ó ń nu òógùn, ó bá bàbá mi ṣàwàdà díẹ̀ nípa àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé agolo fún un, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọkùnrin náà ṣí i, òórùn lọ́fínńdà sì bo gbogbo yàrá. Ó wo inú rẹ̀. Ó fi èékánná gbé etí ìwé náà sókè, ó rí i pé kò ní ṣí, ó sì fi í sílẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyá mi fi ìdùnnú sọ fún un pé òun ti gbé e lọ fún àdúrà, kí ọjà lè yá.

Mo ń retí kí ó rẹ́rìn-ín tàbí kí ó bínú. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó kọjú sí ìyá mi, ó sì sọ pé, “Ìyá, ẹ ò ṣe ohun tó burú. Màmá tèmi náà, ọ̀dọ̀ áfà ni wọn ì bá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rà á mọ́.”

Ìyá mi bojú wò mí, ìgbà yẹn ló wá gbà mí gbọ́. Bàbá mi na ọwọ́. Àlejò gbé ìwé náà sí i lọ́wọ́. Bàbá mi fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yíká, lórí, lẹ́yìn, dé ibi tó ti lẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò náà sí imú. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó sì ní kí n sin àlejò dé ojú ọ̀nà.

Mo sìn ín dé etí títì. Ó kí mi, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ. Bọ́ọ̀sì mìíràn dúró, kọ́ńdọ́ ń ké Ìyànà-Ìbá, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí ohun tó dè mí. Sítáǹpù tí mo ń ṣọ́ ti kú. Síbẹ̀, mo dúró síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi lọ, mo sì rìn padà sínú yàrá yẹn, nítorí mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń fi ilé sílẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ń sunkún, ọwọ́ bàbá mi wà lórí gèlè rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo jí, mo nu ọwọ́ mi gbẹ kí n tó rántí pé kò sí ìdí. Bàbá mi ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú kọ tábìlì.

“Ṣé wọ́n gbẹ?”

Ìyá mi tó ń gbálẹ̀ dúró.

“Wọn ò gbẹ, sà,” mo ní. “Wọn ò ní gbẹ mọ́.”

“Mo mọ̀. Ẹnu mi ló béèrè.”

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ṣí fèrèsé. Mo dúró kí ó kọ̀, kò kọ̀. Mo lọ yá òòlù lọ́dọ̀ káfíńtà ilé kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ìṣó náà. Wọ́n ti dógùn-ún, wọ́n ń ké bí mo ṣe ń fà wọ́n, mo sì ń fà wọ́n pẹ̀lú gbogbo ìbínú tó wà nínú mi. Èyí tó kẹ́yìn yọ, mo ti ilẹ̀kùn fèrèsé náà síta, atẹ́gùn àbàtà sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé aṣọ tó wà lórí okùn. Ó gbé ìwé ìròyìn nílẹ̀.

Mo yíjú padà, mo rí bàbá mi. Ó ti sáré na ara rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ìwé náà kí atẹ́gùn má baà gbé e.

Gbogbo ìbínú mi tán níbẹ̀. Mo gbé òòlù sílẹ̀, mo lọ bá a, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kan kúrò, lẹ́yìn náà èkejì. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìwé náà kò mira. Òróró ti mú un wúwo, ó lẹ̀ mọ́ tábìlì níbi tó wà.

“Ṣé ó ti lọ?” ó béèrè.

“Ó wà níbẹ̀, sà. Kò lọ.”

Ó gbé ojú rẹ̀ sókè sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹwù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé àga òun lọ sójú fèrèsé. Mo gbé e, mo sì fà á lọ́wọ́ lọ jókòó.

“Ìbá yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń gbà yín?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Wẹ̀, kí o lọ béèrè. Má dúró kí ara rẹ gbẹ.”

Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ lé ara tútù. Ìgbà tí mo jáde sí ẹ̀yìn ilé, obìnrin tí a jọ ń lo kànga kan náà láti ọjọ́ pípẹ́ ń sá aṣọ. Ó ń wo fèrèsé wa. Bàbá mi na orí síta, ó di ojú, atẹ́gùn ń fẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Obìnrin náà fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé ta ni bàbá àgbàlagbà tó wá kí wa yìí.

Mo sọ fún un pé bàbá mi ni.